Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Yue Ju Wan àti Inú Tó Ń Le Bí Ìlù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Bí ọjà bá dà rú, tàbí tí èmi àti oníbàárà bá fa ọ̀rọ̀, òkè inú mi á le bí ìlù, màá máa gùfẹ̀ ṣáá, oúnjẹ ò ní wù mí jẹ, àyà á sì máa ta mí. Àbúrò mi ra ìgò oògùn Ṣáínà kan bọ̀ láti Èkó, wọ́n kọ Yue Ju Wan sí i lára. Kí ló wà nínú ẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń lò ó? Dókítà ní kí n máa lo aspirin wẹ́wẹ́ lójoojúmọ́. Mo tún máa ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní Sátidé. *Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú*

Èsì: Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ìgò náà. Aspirin yẹn ló fà á. Èròjà márùn-ún ló wà nínú Yue Ju Wan, ọ̀kan nínú wọn, gbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní chuan xiong, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mú ẹ̀jẹ̀ rìn. Aspirin náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà kó má tètè dá. Èyí tó tún ká wa lára jù ni pé aspirin fúnra rẹ̀ lè dá ọgbẹ́ sínú, ọgbẹ́ inú sì lè ṣe èèyàn gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí. Ẹ má dá aspirin dúró fúnra yín o. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́, ẹ sọ ohun tí òkè inú ń ṣe fún un, kí wọ́n sì yẹ ìgbẹ́ tàbí èémí yín wò fún H. pylori, kòkòrò tó máa ń dá ọgbẹ́ sínú.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà kó sinmi. Ọtí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rẹ ẹ́, ọtí pẹ̀lú aspirin sì ń bó awọ inú. Ẹni tó bá tún fi Yue Ju Wan lé e, ìgbẹ́ gbuuru ló ń wá.

Fún àwọn tí kò sí nírú ipò yìí, àlàyé oògùn náà nìyí. Zhu Danxi, oníṣègùn ará Yiwu ní Ṣáínà, tó gbé ayé láti 1281 sí 1358, ló gbé e kalẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ àìsàn inú kì í ṣe pé agbára tán lára, ohun tó yẹ kó máa rìn ló dúró sójú kan. Ó ka oríṣi ìdìpọ̀ mẹ́fà: ti qi, ti ẹ̀jẹ̀, ti ooru, ti ọ̀rinrin, ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ti oúnjẹ. Qi ni wọ́n ń pe agbára tó ń rìn káàkiri ara, tó ń ti oúnjẹ lọ sísàlẹ̀. Kì í ṣe gáàsì. Inú tó wú jẹ́ àmì pé qi ò rìn. Ìbínú àti ìrònú ni wọ́n sọ pé ó tètè ń dá a dúró, èyí ò sì ní ṣàjèjì sí Yorùbá tó ń sọ pé *inú* ń bí òun, pé *inú* òun bàjẹ́.

Xiang fu ló ń tú qi: iṣu kéékèèké abẹ́ koríko kan tó jẹ́ ẹbí ọ̀fio ni, fínígà ni wọ́n sì fi ń yan án. Chuan xiong wà fún ẹ̀jẹ̀. Zhi zi, èso igi gardenia, ń pa ooru. Cang zhu, gbòǹgbò olóòórùn, ń gbẹ ọ̀rinrin. Shen qu jẹ́ ìwúkàrà tí wọ́n fi àlìkámà, ẹ̀wà pupa àti ewé tútù ṣe, òun ló ń mú oúnjẹ dà (ẹni tí àlìkámà kì í bá lára mu, kó yẹra). Wọn ò fi nǹkan kan sí i fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, nítorí bí qi bá ti rìn tí ọ̀rinrin sì gbẹ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á tú fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn nínú hóró. Oníṣègùn tó bá ń sè é máa ń yí i: bó bá jẹ́ ìbànújẹ́ ló pọ̀ jù, á fi kún xiang fu, bó bá jẹ́ oúnjẹ, á fi kún shen qu. Fún sísè, gíráàmù 6 sí 10 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí omi ga jù ú lọ ní ìka méjì. Ìkòkò amọ̀ tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe àlùmíníọ́mù. Bó bá ti hó, ẹ dín iná kù fún ogún ìṣẹ́jú péré. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn xiang fu àti cang zhu á bá èéfín lọ, òórùn yẹn sì ni oògùn. Ẹ di shen qu sínú aṣọ funfun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ki bí ògì, á sì jóná mọ́ ìdí ìkòkò.

Ibi tí àwọn tó ń lo hóró ti ń ṣì í jù ni ìwọ̀n. Hóró lásán, gíráàmù 6 sí 9 ni, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́. Èyí tí wọ́n fún pọ̀ (concentrated), tó sábà máa ń wà nínú ìgò oníhóró 200, hóró 8 ni, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ìgò kan á sì tó ọjọ́ 8. Ẹni tó bá ka hóró 8 nínú ti lásán kò lo nǹkan kan. Ẹni tó bá wọn gíráàmù 9 nínú èyí tí wọ́n fún pọ̀ ti lò jù. Ẹ ka ara ìgò, kẹ́ ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC. Èyí tó bá jẹ́ èdè Ṣáínà nìkan ló wà lára ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ fi mu ún, nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Ahọ́n tó ní ìdọ̀tí tó nípọn, inú tó le, ìgùfẹ̀, ìbínú tó há sáyà: ẹni tí oògùn náà wà fún nìyẹn. Ẹni tó ń rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, tàbí tí ẹnu rẹ̀ gbẹ tí ahọ́n sì pupa láìní ìdọ̀tí, kò bá a mu, á tún gbẹ ẹ́ sí i. Aláboyún àti ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò sí àyípadà, ẹ dá a dúró. Ẹ má sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́: ní Japan, wọ́n rí i pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun ńlá ń le lára àwọn kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lo oògùn tí zhi zi wà nínú rẹ̀.

Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹlẹ́jẹ̀, rírù láìmọ̀dí, oúnjẹ tó ń há ọ̀fun, tàbí àyà tó fún tó sì nà dé apá òsì: ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Lẹ́yìn òde àríyá, ìgùfẹ̀ mi máa ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́. Ṣé Yue Ju Wan náà ni? *Bọ̀dá Wálé, Pánṣẹ́kẹ́*

Èsì: Rárá, oúnjẹ ló dúró lọ́dọ̀ tiyín. Bao He Wan ni wọ́n ń lò fún un, iṣẹ́ Zhu Danxi kan náà. Shan zha, èso pupa kíkan tó ń tú ẹran, ló pọ̀ jù: ìpín 6. Ban xia (iṣu kékeré kan) àti fu ling (irú olú kan) jẹ́ ìpín 3 níkọ̀ọ̀kan, shen qu 2, chen pi (èèpo tanjarín), lian qiao (èso kan) àti lai fu zi (kóró radish) ìpín kọ̀ọ̀kan. Ban xia tútù jẹ́ májèlé, ó ń mú ahọ́n àti ọ̀fun kú. Ẹ má ra á lójú ọjà láti sè. Ọjọ́ 3 sí 5 tó. Ẹ má fi mọ́ ginseng, nítorí wọ́n sọ pé lai fu zi ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ìbéèrè: Chen pi yẹn, ṣé èèpo ọsàn tí àwọn ọlọ́sàn ń dà nù kọ́ ni? *Sístà Bọ́lá, Ọ̀bàntòkò*

Èsì: Kì í ṣe òun. Èèpo tanjarín odindi ni chen pi, tàwọ̀ tàfunfun. Àwọn ọlọ́sàn tiwa kàn ń fi abẹ fá òkè rẹ̀ ni. "Chen" túmọ̀ sí ohun tó ti pẹ́: wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n á sì fi pamọ́ kí títa rẹ̀ lẹ́nu rọ̀. Ẹ fọ tanjarín dáadáa kẹ́ ẹ tó bó o, ẹ sá èèpo rẹ̀ síbi òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Gíráàmù 3 sí 6 nínú ife omi gbígbóná lẹ́yìn oúnjẹ ti tó. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù.