Ẹ Bi Wá: Ọmọ SS nínú bàálù, ẹni AS lórí òkè

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, SS ni. A fẹ́ wọ bàálù láti Èkó lọ sí Dubai, a ó sì dúró fún wákàtí 6 ní Addis Ababa. Wọ́n ní kò sí afẹ́fẹ́ lókè. Ṣé kò ní mú àìsàn rẹ̀ dìde? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ SS ló ń wọ bàálù lọ, tó ń bọ̀ láìséwu, àmọ́ ó gba ètò.

Afẹ́fẹ́ wà lókè. Ní Èkó o, lórí òkè Everest o, ìdá 21 nínú 100 rẹ̀ ni ọ́síjìn. Ohun tó ń dín kù ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá, agbára yìí ló sì ń ti ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀. Téèyàn bá ga tó 2,400 mítà sí ojú òkun, ó ti ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní 5,500 mítà, ó ku ìdajì. Bí ọ́síjìn bá wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ SS, ẹ̀jẹ̀ náà á tẹ̀ bí dòjé, á sì dí ojú iṣan.

Bàálù lè máa fò ní 37,000 ẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fún afẹ́fẹ́ sí ibi tí èrò jókòó sí, kí ó má bàa ju bí ẹni wà ní 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn 2,400 mítà, lọ. Addis Ababa fúnra rẹ̀ ga tó 2,300 mítà. Nítorí náà, wákàtí 6 tẹ́ ẹ máa fi dúró níbẹ̀ kì í ṣe ìsinmi fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín. Bí owó bá gbà á, bàálù tó ń yà ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ sàn jù.

Ẹ lọ rí dókítà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3 ṣáájú. Bí ìrora àìsàn náà bá mú un láàárín ọjọ́ 10 sí ìrìn àjò, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Tí dókítà bá ní kó lo ọ́síjìn nínú bàálù, ẹ má gbé sílíńdà tiyín dání. Ilé iṣẹ́ bàálù ló ní fọ́ọ̀mù tí dókítà máa kọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń béèrè rẹ̀ ní wákàtí 48 ṣáájú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Oògùn ìrora rẹ̀, inú àpò ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ máa fún un lómi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Ẹ wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún un, torí òtútù bàálù náà lè fa ìrora. Bó bá ní àyà ń dun òun, tàbí tó ń mí gúlegúle, ẹ pe òṣìṣẹ́ bàálù lójú ẹsẹ̀. Ọ́síjìn wà lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Kí ni awakọ̀ bàálù fi ń mọ bí òun ṣe ga tó? (Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni. Nínú aago tó fi ń wo gíga, agolo pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí ìtẹ̀ ìta bá ṣe ń dín kù ni agolo náà ń wú, tó ń ti ọwọ́ aago. Àmọ́ bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ìtẹ̀ náà á yí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka iye rẹ̀ fún awakọ̀ kó tó balẹ̀. Bí ìtẹ̀ náà bá ti fi hectopascal 10 (òṣùwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́) wálẹ̀ tí awakọ̀ kò sì yí aago, bàálù á rẹlẹ̀ ju ohun tí aago ń sọ lọ ní nǹkan bí 270 ẹsẹ̀ bàtà. Nínú kùrukùru, ìyẹn tó láti fi kọlu òkè.

Ìbéèrè: AS ni mí, mo fẹ́ gun Kilimanjaro ní ọjọ́ 5. Ṣé AS ní wàhálà? (Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Nísàlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n Kilimanjaro ga tó 5,895 mítà. Níbi gíga báyẹn, ìrora ńlá lábẹ́ ìhà òsì pẹ̀lú èébì lè dé bá ẹni AS. Ẹ má pè é ní inú rírun: ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ 5 yẹn gan-an là ń bẹ̀rù. Lójú ọ̀nà Marangu, ẹ máa sùn ní nǹkan bí 2,700 mítà, lẹ́yìn náà 3,700, lẹ́yìn náà 4,700. Bẹ́ẹ̀, téèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kò yẹ kí ibùsùn rẹ̀ fi ju 500 mítà lọ sókè lálẹ́ kan. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un, ó kéré tán, kẹ́ ẹ lò ó ní Horombo, ibùsùn tó wà ní 3,700 mítà yẹn. Bí orí bá ń fọ́ yín tí inú sì ń rìn yín, ẹ má gòkè sí i. Ẹni tó bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí èémí rẹ̀ ń ké nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀, òru ìbáà jẹ́.