Ìbéèrè Lórí Ilé: Amọ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Fi Rẹ́ Amọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé alámọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ là ń gbé. A fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìta rẹ̀ níjọ́sí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà òjò ló ń bó, ìdí ògiri sì ti ń jẹ wọnú. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin lowó wa ká. Ṣé ká tún un rẹ́ ni? (Ìsẹ́yìn)

Ẹ má tíì rẹ́ nǹkan kan. Amọ̀ a máa wú bó bá mumi, a sì máa súnkì bó bá gbẹ; sìmẹ́ńtì ò lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀, ló fi ń là. Òjò á gba ojú ibi tó là wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì, kò ní ríbi jáde, ògiri á máa rọ̀ lábẹ́nú. Ẹ fi ìka kàn án wò: ibi tó bá dún bí igbá òfìfo ti ṣí kúrò lára ògiri, ẹ ha á dànù.

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá jà. Bójò bá ń rọ̀, ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sí. Tó bá jẹ́ ìdí ògiri, ilẹ̀ á máa ta á padà, ìyẹn ló ń jẹ ẹsẹ̀ bàtà kan ìsàlẹ̀. Kí káfíńtà fa etí òrùlé síta tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ibi tó ti jẹ, ẹ gé e dé ibi tó le, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi òkúta àti amọ̀ dí i. Ẹ má ṣe ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ògiri má baà wó lé yín lórí.

Àpò mẹ́rin yẹn, ìdí ilé ni kẹ́ ẹ ná an sí. Sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 3, òkúta wẹ́wẹ́ 6: ẹ dà á ní íńṣì 2 nínípọn, ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ ní fífẹ̀, kó dagun síta. Á tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 70 ní gígùn. Apá tí ìjì òjò ti ń wá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó rẹ́ ẹ: amọ̀ 1 sí yanrìn 3, koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, àti ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù tí àwọn ìyá wa fi ń pa ilẹ̀. Kó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n amọ̀ ò dọ́gba: ẹ kọ́kọ́ fi amọ̀ 1 sí yanrìn 2, 1 sí 3 àti 1 sí 4 rẹ́ ojú ibi kéékèèké mẹ́ta wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí kò là, tí kò sì kúnná mọ́ yín lọ́wọ́, òun ni kẹ́ ẹ mú.

A fẹ́ fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì tẹ búlọ́ọ̀kù. Bíríkìlà kan ní sìmẹ́ńtì 1 sí amọ̀ 10, èkejì ní 1 sí 20. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? (Abẹ́òkúta)

Ilẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ kan àpótí tóóró, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 2, fífẹ̀ àti jíjìn íńṣì 1 àbọ̀, ẹ fi epo pa inú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú, torí ewé jíjẹrà inú rẹ̀ ń ba sìmẹ́ńtì jẹ́. Ẹ po amọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí títí á fi kún, ẹ sá a sóòrùn fọ́jọ́ 3 sí 5. Ẹ wá ti gbogbo rẹ̀ sápá kan, ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́ kù. Bí kò bá tó mìlímítà 15, 1 sí 18. 15 sí 30, 1 sí 16. 30 sí 45, 1 sí 14. 45 sí 60, 1 sí 12. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ po yanrìn mọ́ amọ̀ náà kẹ́ ẹ tún un dánwò. Ìwọ̀n àwọn tó ń lo CINVA-Ram nìyí, ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ tí Raúl Ramírez ṣe ní Bogotá, lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, láàárín àwọn ọdún 1950.

Ẹ má po ju èyí tẹ́ ẹ lè tẹ̀ ní wákàtí kan lọ. Oòrùn ló ń ba púpọ̀ jẹ́: ẹ fi ọ̀rá bo búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má sì fi kọ́lé kó tó pé ọjọ́ 28.

Ṣé bí a bá fi ọ̀dà funfun kun páànù, ooru á dín kù? (Ọ̀ṣogbo)

Á dín kù dáadáa. Èyí tó ti dógùn-ún, ẹ kọ́kọ́ ha á, torí ọ̀dà á bó kúrò lórí ìdógùn-ún.