Ṣé iná mi á máa kú tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, ẹ̀ńjíníà. Gàá Akanbí n'Ílọrin ni mo wà, ẹja yìnyín ni mò ń tà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa pààrọ̀ mítà, wọ́n ní síìmù wà nínú ẹ̀, tí a bá ti ra yúníìtì lórí fóònù á wọlé fúnra ẹ̀. Jímọ̀ tó kọjá nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, owó ti jáde ní báńkì, yúníìtì ò wọlé, fíríísà méjì tó kún fún ẹja ń wò mí. Ṣé bí iná mi á ṣe máa kú nìyí? Kí ni mítà tiẹ̀ ń fi nẹ́tíwọ̀kì ṣe?

Ìdáhùn: Wa àlékùm sàlámù, ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ẹja o. Iná yín ò sí lọ́wọ́ nẹ́tíwọ̀kì. Mítà ló ń ka iná, òun náà ló ń gé e tí yúníìtì bá tán, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe é. Iṣẹ́ síìmù ò ju kó máa jíṣẹ́: iye tẹ́ ẹ lò, ìgbà tí iná lọ, bóyá ẹnìkan ń fọwọ́ kan mítà, àti yúníìtì tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì.

Tókìn, ìyẹn nọ́ńbà oní-dígíìtì 20 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ má pa á rẹ́. Yúníìtì yín gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi kíípáàdì, kọ́kọ́rọ́ tí mítà fi ń tú nọ́ńbà náà wà nínú mítà fúnra ẹ̀, kò nílò síìmù rárá. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá wá dé lóru tó tún fẹ́ gbé ìkan náà wọlé, mítà á kọ̀ ọ́, tórí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tókìn kan ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ mítà ò tiẹ̀ pọ̀. Ó lè máa kọ iye iná tẹ́ ẹ lò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 síra, kó kó o pamọ́ títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dé, ti odindi ọjọ́ kan ò tó fọ́tò WhatsApp kan. Níbòmíì, wáyà iná gan-an ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ dé àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà, àpótí yẹn ló ń jíṣẹ́ fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ ṣájà ayédèrú àti ẹ̀rọ ìlọta máa ń da wáyà yẹn láàmú.

Ọ̀rọ̀ tí ò gbọdọ̀ dúró de nẹ́tíwọ̀kì ni ti wáyà iná ńlá, irú èyí tó ń ti Jẹ́bà bọ̀. Tí wáyà bá já, ẹ̀rọ kan ní láti sọ fún ìkejì nínú sọbústéṣàn pé gé e, tí ẹ bá pín sẹ́kọ́ọ̀ńdì kan sọ́nà 1000, nǹkan bíi 4 péré ni wọ́n fún un. Ta ló máa gbé ìyẹn fún síìmù? Ẹ wo orí òpó irin ńlá yẹn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè pátápátá tó ń gba mọ̀nàmọ́ná, ọ̀pọ̀ ìgbà fáíbà, okùn gíláàsì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà láti sọbústéṣàn kan dé ìkejì.

Ti yín, ẹ wo ibi tí wọ́n gbé mítà sí. Tó bá jẹ́ inú àpótí irin, irin yẹn ń dí nẹ́tíwọ̀kì, ẹ ní kí àwọn tó gbé e wá bá yín fa ánténà síta. Ẹ má pe ẹlẹ́tíríkì àdúgbò pé kó ṣí i o, mítà á mọ̀ pé wọ́n tú ìdérí òun, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gé iná lójú ẹsẹ̀, ẹja á wá yọ́ lóòótọ́.