Hánẹ́ẹ̀sì èrò tó le: má fi òróró kàn án

Àbúrò mi, o kọ ọ́ pé ibùdó tí wọ́n ti ń fi páráṣúùtì fò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ síṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra hánẹ́ẹ̀sì, ìdè ọlọ́já tí a ń wọ̀ sára, tuntun fún àwọn èrò tí olùkọ́ ń so mọ́ àyà fò láti inú ọkọ̀ òfuurufú, pé àwọn ọ̀já rẹ̀ le, wọn kò ṣeé fà, o sì fẹ́ mọ ohun tí a lè fi pa wọ́n kí wọ́n rọ̀ àti èyí tó yẹ kí a kọ́kọ́ fà nínú wọn. Má fi ohunkóhun pa wọ́n. Ìbáà ṣe òróró, ìbáà ṣe ọ̀rá, ìbáà sì ṣe sílíkóònù inú agolo tí àwọn ènìyàn ń fọ́n sí ara ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Bí irin tí ọ̀já ń gba inú rẹ̀ kọjá àti ọ̀já náílọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ṣe ń gbo ara wọn nìkan ló ń dá ọ̀já náà dúró. Bí o bá fi ohun yíyọ̀ sí àárín wọn, ọ̀já tí ó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti fà lónìí lè máa yọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí páráṣúùtì bá ṣí, tí gbogbo ìwúwo èrò sì dé lé e lórí lójijì.

Ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibùdó tí mo ti ń ṣe olùkọ́ nígbà náà ra tuntun bíi tiyín, wọ́n sì ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí lò wọ́n ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ, nígbà tí àwọn tó ń fò láti fi kówó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú tò rẹrẹ. Ìyá àgbàlagbà kan tí itan rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fún mi. Nígbà tí ó wà ní ìdúró, gbogbo ọ̀já mọ́ ọn lára. Èmi àti ẹni tó wọ̀ ọ́ fún un la jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ tí orúnkún rẹ̀ sì ká, ọ̀já itan òsì dẹ̀ débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi wọ abẹ́ rẹ̀ láìfarakanra. Mo fà á, kò sún. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo tún fà á. Ní nǹkan bí 12,000 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù ju ti ilẹ̀ lọ, nítorí náà ìka mi ti kú, ọ̀já náà sì le bí awọ tó gbẹ sórí ìlù. Ìyá ń yíjú sí mi, ó ń béèrè bóyá kò sí ìṣòro, ariwo ẹ́ńjìnnì kò sì jẹ́ kí n lè dá a lóhùn bí ó ti yẹ. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn yòókù fò tán, ó ku àwa méjì. Mo fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ pé a ó bá a sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá ibùdó ti ń dúró dè mí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ni kò lágbára. Ẹni tó ń bójú tó irinṣẹ́ ní tuntun ni, pé yóò rọ̀ fúnra rẹ̀ bó bá pẹ́. Ìyá yẹn gan-an ló bá mi dá wọn lóhùn pé ṣé itan òun ni wọ́n fẹ́ fi rọ̀ ọ́ ni. Àwọn tí kì í wọ hánẹ́ẹ̀sì fún ẹnikẹ́ni ló máa ń mọ̀ ọ́n sọ jù.

Ọ̀já itan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán. Drogue, páráṣúùtì kékeré tí a kọ́kọ́ ń jù síta, ló ń mú kí ènìyàn méjì máa já bọ́ ní nǹkan bí 190 kìlómítà ní wákàtí kan. Láìsí i, wọ́n lè súnmọ́ 290. Nígbà tí èyí tó tóbi bá ṣí, itan èrò ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìfà òjijì náà, bí ọ̀kan bá sì dẹ̀, ìkejì ni yóò jẹ gbogbo ìyà. Bí ìdí èrò bá tún ń yọ̀ jáde gba ẹ̀yìn nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ewu mìíràn nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi ọ̀já onírísí Y kún ẹ̀yìn, kí ó so ti itan mọ́ ti ẹ̀yìn. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ní ti fífà, má fà á sí ẹ̀gbẹ́. Gba bí ọ̀já ṣe ń jáde lára irin, fi ọwọ́ kan ti èyí tó dẹ̀ wọlé láti òdìkejì, kí o sì fi ọwọ́ kejì fà á. Jẹ́ kí èrò gbé ẹsẹ̀ náà sókè díẹ̀ kí ìwúwo lè kúrò lórí rẹ̀. Kí o tó gbé èyíkéyìí tuntun fún èrò, jókòó tì í kí o máa fà á, kí o máa dẹ̀ ẹ́, léraléra, títí yóò fi máa lọ geere. Jẹ́ kí gbogbo èrò jókòó sílẹ̀ ká orúnkún ní ilẹ̀, kí o tún wọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ti ọ̀já tó yẹ kí o kọ́kọ́ fà, ètò rẹ̀ wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe hánẹ́ẹ̀sì náà.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ àlòkù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le, ẹrẹ̀ tó gbẹ sáàárín okùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni, kí a sì sá a sí ibòòji, nítorí oòrùn a máa jẹ náílọ́ọ̀nù. Béèrè lọ́wọ́ rigger yín, ẹni tó ń di páráṣúùtì tó sì ń tún irinṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kí o tó fọ̀ ọ́. Wo irin náà pẹ̀lú, bóyá ó ti ní ẹnu tó ń fa okùn já. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, gbé e kúrò pátápátá, má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Jọ̀wọ́, máa yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò èrò. Jákẹ́ẹ̀tì nínípọn náà ń tan ni jẹ: ọ̀já yóò mọ́ra lórí rẹ̀ ní ilẹ̀, yóò sì dẹ̀ lókè. Bí ayàwòrán tó fẹ́ ya èrò bá ń kán ọ lójú, jẹ́ kó máa kán.

Èyí tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nísinsìnyí, so páálí pupa mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó, kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ọ̀já tó le sínú ìwé àkọsílẹ̀ ibùdó yín, kí o sì jẹ́ kí rigger fọwọ́ sí i pé òun ti rí i.