Ọmọ Iléṣà tó fẹ́ di olórí ẹ̀ṣọ́ etíkun

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Màmá. Ẹ ní ọmọkùnrin yín tó wà ní SS3 níléèwé kan ní Iléṣà fẹ́ di olórí ẹ̀ṣọ́ etíkun, ẹ sì fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó kọ̀wé sí. Nàìjíríà ò ní iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ etíkun tó dá dúró. Àwọn ọmọ ogun ojú omi, Navy, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kódà, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà ni NNS Thunder àti NNS Okpabana tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di tiwa. Íńdíà fìdí ẹ̀ṣọ́ etíkun tiwọn múlẹ̀ ní 1978, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Navy ni àwọn olórí rẹ̀ ti ń wá, ó di 2016 kí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti inú rẹ̀ tó jẹ olórí ibẹ̀. Nítorí náà, Navy ni kó wọ̀.

Kó fi NDA, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, kó sì tún gba fọ́ọ̀mù NDA fúnra rẹ̀. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbàgbé. Ẹ tún wọn ìdúró rẹ̀: mítà 1.68 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin. Ọdún 5 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gboyè ní Ifẹ̀ lè gba ọ̀nà DSSC, tí wọ́n fi ń gba àwọn tó ti gboyè tààrà, wọlé, àmọ́ dókítà, agbẹjọ́rò àti ẹnjiníà ló pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sábà fún irú wọn ní ọkọ̀ láti darí.

Ẹ̀ka tó bá yàn ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Executive, ẹ̀ka àwọn tó ń darí ọkọ̀, ni kó mú. Ẹnjiníà lè gòkè dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn executive ló ń jẹ ọ̀gá ọkọ̀, ẹni tí ò sì darí ọkọ̀ rí, ta ni yóò gbé ogún ọkọ̀ lé e lọ́wọ́? Kó gba ìwé ẹ̀rí ìṣọ́ orí ọkọ̀, èyí tó fi hàn pé ó lè bójú tó ìrìn ọkọ̀ lórí òkun, kíákíá. Ìlànà òkun ti 1972, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ forí gbárí, gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀ bí orúkọ ara rẹ̀: lóru, bí ọkọ̀ kan bá ń dábùú bọ̀ láti apá ọ̀tún rẹ, iná pupa rẹ̀ lo máa rí, ìwọ lo sì máa yà fún un. Lẹ́yìn èyí, kó lọ sí iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ní Jaji, lẹ́yìn náà National Defence College ní Àbújá.

Iṣẹ́ ìwé ló ń yọ ọ̀gá ọkọ̀ lẹ́nu jù. Navy lè mú ọkọ̀ tó kó epo rọ̀bì olè, ṣùgbọ́n EFCC tàbí iléeṣẹ́ mìíràn ló máa gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Torí náà, ojú ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ ibi tí GPS fi hàn, aago, orúkọ àwọn atukọ̀ àti iye epo inú táńkì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n bu epo díẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n dì í lójú kápùtéènì ọkọ̀ náà, kó buwọ́ lù ú. Bí aago inú ìwé ọkọ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìwé tí wọ́n fi fà wọ́n lé EFCC lọ́wọ́, agbẹjọ́rò àwọn tí wọ́n mú á fò mọ́ ọn. Kó sì mọ ibi tó wà: máìlì òkun 12 ni omi orílẹ̀-èdè wa parí sí, 200 ni ibi tí ẹ̀tọ́ wa lórí ẹja àti epo dé. Ní ti olè ojú òkun, òfin SPOMO ti 2019 gbà pé kí kóòtù wa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ kọjá ibẹ̀.

Kó yáa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ báyìí, lọ́dọ̀ olùkọ́. Ẹ má jẹ́ kó lọ fi adágún Ọ̀pá ní Ifẹ̀ kọ́ ọ o.