Ṣé Kí N Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Ọ̀ṣọ́ Ìkarahun Àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá àgbà òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní Liverpool fún mi ní ọ̀ṣọ́ kan tí bàbá ìyá rẹ̀ mú bọ̀ láti erékùṣù Solomon nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣe róbótó. Ohun dúdú kan tí wọ́n gé dárà sì wà lójú rẹ̀. Ó ti dọ̀tí. Ṣé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́? Mo fẹ́ gbé e wálé ní Kérésì.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọsàn kàn án. Ẹ ju èèpo ẹyin sínú omi ọsàn, ẹ ó rí i bó ṣe máa hó. Ohun kan náà ni èèpo ẹyin àti ìkarahun. Bẹ́ẹ̀ ni ọsàn ṣe máa jẹ ojú ọ̀ṣọ́ yín. Fínígà náà ńkọ́? Ọ̀kan náà ni.

Ó jọ pé kapkap lẹ ní lọ́wọ́. Ara Tridacna, ìkarahun ràbàtà inú òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti gé funfun yẹn, tí wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀. Èèpo ẹ̀yìn ìjàpá òkun ni dúdú ojú rẹ̀. Wọ́n máa ń so ó mọ́ iwájú orí tàbí àyà.

Ẹ wo ihò àárín rẹ̀. Bó bá fẹ̀ létí, tó fún nínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi lu ú láti ojú méjèèjì. Bí okùn àtijọ́ bá ṣì wà nínú ihò náà, ẹ má yọ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ lè wà lára rẹ̀, èmi ò sì lè fi ọṣẹ nu ìyẹn dànù láéláé. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, gbígbẹ, ti tó. Ẹ má sì kó o sínú àpótí igi óòkù (oak). Èéfín kíkan inú igi yẹn máa ń sọ ojú ìkarahun di lẹ́búlẹ́bú.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ ṣì dá a dúró. Gbogbo ìjàpá òkun ló wà ní ìpele kìíní, èyí tó le jù, nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, tí Nàìjíríà àti Ìlú Ọba jọ wà nínú rẹ̀. Pé nǹkan ti pẹ́ kò ní kí aṣọ́bodè má gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ̀wé sí APHA, àjọ ìjọba Ìlú Ọba tó ń fúnni níwèé àṣẹ CITES, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tètè jókòó ti ìyá náà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀, orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún tó rìn ín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.