Ṣé èèyàn máa ń sanwó kó tó gba orí afárá Róòmù tó wà ní Córdoba?

Rárá, ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí afárá òkúta ìlú Sípéènì yìí, ì báà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń gbà á: láti 2004 ni ọkọ̀ kò ti kọjá lórí rẹ̀ mọ́. Ibi tí owó ti ń wọ̀ ọ́ ni ilé ìṣọ́ Calahorra, níparí afárá lápá gúúsù. Musíọ́mù ló wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọlé.

Odò Guadalquivir ni afárá náà dá lé. Àwọn ará Róòmù ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, àmọ́ wọ́n ti tún un kọ́ léraléra, débi pé nínú ojú afárá 16, méjì péré ni wọ́n kà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Róòmù gan-an. Láàárín rẹ̀ ni ère áńgẹ́lì Ráfáẹ́lì wà láti 1651. Àwọn èèyàn ṣì ń tan àbẹ́là síbẹ̀.

Kò sí ìbòji lórí rẹ̀ o. Bó bá jẹ́ oṣù Keje tàbí Kẹjọ lẹ fẹ́ lọ, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ.